Owó Kọ́ọ̀sì Rẹ àti Àkájà Tí Bàbá Rẹ Fi Sílẹ̀

Ẹ̀bá Ọ̀sà,
Ẹ̀pẹ́.

Morẹ́nikẹ́ ọmọ mi,

Ṣé ara rẹ le? Ṣé yàrá tí o gbà ní Ìgbògbò kò tún jò mọ́? Àwa níbí wà láàyè, a dúpẹ́. Ẹsẹ̀ tó ń dùn mí ti rọlẹ̀ díẹ̀. Adìẹ tí o fi sílẹ̀ ti pa ọmọ, àṣá sì ti gbé méjì nínú wọn lọ.

Nígbà tí o pè mí lọ́jọ́ Àìkú, ọ̀rọ̀ tí o fẹ́ sọ pọ̀, nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò sì jẹ́. Ohun tí mo rí gbọ́ ni pé o fẹ́ ṣe kọ́ọ̀sì oṣù mẹ́fà lórí iṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀, pé ọjọ́ Sátidé ni wọ́n ń ṣe é, pé wọ́n á fún ọ ní sátífíkéètì, àti pé owó rẹ̀ kò kéré. O ní bí o bá san án kí oṣù yìí tó parí, wọ́n á ṣe ẹ̀dínwó fún ọ. O wá bi mí bóyá a lè ṣí àkájà tí bàbá rẹ fi ẹ̀ka igi gbìn sínú ọ̀sà báyìí, kí o lè fi owó ẹja ibẹ̀ san án. Kí n tó dáhùn, ìpè ti já. Mo pè ọ́ padà, kò wọlé.

Ó dára bẹ́ẹ̀. Ìdáhùn ìkánjú ni ǹ bá fún ọ lọ́jọ́ náà. Mo ti fi gbogbo ọ̀sẹ̀ yìí rò ó. Mo ra ìwé, mo ra bírò, mo sì jókòó ti fèrèsé tí bàbá rẹ máa ń jókòó tì bó bá ń tún àwọ̀n ṣe. Fi sùúrù kà á. O mọ̀ pé ìwé mẹ́fà péré ni mo kà, ọwọ́ mi kò sì yá mọ́.

Kí o má bàa máa fi àyà jíjá kà á, jẹ́ kí n tètè sọ ibi tí mo ń lọ: n kò lòdì sí kọ́ọ̀sì náà. Mo fẹ́ kí o ṣe é. Ohun tó yẹ ká jọ wò ni ìgbà tó yẹ kí o ṣe é, àti ohun tó yẹ kí o mọ̀ kí owó tó kúrò lọ́wọ́ wa.

Ìdí tí mo fi fẹ́ ẹ ni ọ̀rọ̀ tí o kọ tí wọ́n kà ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ tí a sin bàbá rẹ. Gbogbo ẹni tó ti sọ̀rọ̀ ṣáájú ló ń sọ pé ó jẹ́ èèyàn dáadáa, pé ó jẹ́ ẹni iyì. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ta ni wọn kì í sọ bẹ́ẹ̀ nípa rẹ̀ níbi ìsìnkú? Ìwọ lo kọ ọ́ pé bó bá ń bọ̀ láti ojú omi, ó máa ń súfèé láti ọ̀nà jíjìn kí n lè gbé omi ọbẹ̀ kaná, pé ìró súfèé yẹn ni ìwọ fi mọ ìrọ̀lẹ́ láti kékeré. Àwọn apẹja tó jókòó lẹ́yìn dorí kodò. Àlejò kan tó bá wọn wá láti Ìkòròdú béèrè lọ́wọ́ mi pé ta ló kọ ọ́. Mo ní ọmọ mi ni. Ó ní, "Ìyá, ọmọ yín mọ ohun tó ń wọ èèyàn létí." Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé iṣẹ́ tí o ń ṣe lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì yín, kí o máa gbé fóònù, kí o máa kí àlejò, kò ní jẹ́ òpin rẹ.

Ṣùgbọ́n ẹ̀bùn lọ́tọ̀, owó lọ́tọ̀. Ohun tí mo fẹ́ kọ́ ọ nìyí, bí mo ṣe ń rántí rẹ̀.

Èkíní: mọ ẹni tó máa gbé aṣọ wá kí o tó lọ kọ́ iṣẹ́ aránṣọ.

O mọ ẹ̀rọ ìránṣọ tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, èyí tí a ń gbé garawa lé. Ọdún mẹ́ta ni mo fi kọ́ṣẹ́ aránṣọ nílùú Ẹ̀pẹ́ lọ́dọ̀ àǹtí mi, kí bàbá rẹ tó fẹ́ mi. Mo mọ̀ ọ́n rán. Nígbà tí mo parí, a ṣe fírídọ̀ọ̀mù. A háyà kánópì, a se ìrẹsì, mo fi téèpù ìwọnṣọ kọ́ ọrùn, mo ya fọ́tò. Owó tí a ná lọ́jọ́ náà ju owó ẹ̀rọ lọ, nítorí náà àlòkù ni ẹ̀rọ tí ó kù tí a lè rà. Bí mo bá tẹ ẹsẹ̀ mọ́ ọn, a máa ké bí ewúrẹ́.

Mo wá fẹ́ bàbá rẹ, a gbé ẹ̀rọ náà sínú ọkọ̀, a wà á wá sí etí omi yìí. Oṣù kìíní, mo rí etí ìró kan ká. Oṣù kejì, n kò rí nǹkankan. Ta ni ń rán aṣọ níbí? Ṣòkòtò péńpé ni àwọn ọkùnrin ń wọ̀ lọ sójú omi, òkìríkà ni àwọn obìnrin ń rà bí wọ́n bá ná ọjà Ẹ̀pẹ́. Aránṣọ méjì sì ti wà níbí ṣáájú mi, wọ́n ń fi ẹ̀rọ wọn sá ẹja. Ìyá bàbá rẹ, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere, bó bá ti jí láàárọ̀, á ní, "Ìyàwó, ṣé ẹ̀rọ rẹ ti jẹun lónìí?" Afẹ́fẹ́ ọ̀sà ló wá jẹ ẹ̀rọ náà, ó dípẹtà. Mo yíjú sí ẹja yíyan. Aṣọ ilé-ìwé rẹ nìkan ni mo ń fi ẹ̀rọ náà rán lọ́dọọdún, aláwọ̀ búlúù yẹn.

Kò sẹ́ni tó tàn mí jẹ, Morẹ́nikẹ́. Iṣẹ́ náà dára, ọ̀gá mi sì mọ̀ ọ́n kọ́ni. Èmi ni n kò béèrè bóyá àwọn tí mo fẹ́ lọ bá gbé ń fẹ́ aṣọ.

Nítorí náà, má ṣe lọ bi ilé-ẹ̀kọ́ yẹn bóyá sátífíkéètì wọn ń mówó wá. Ẹni tó ń ta ọṣẹ kò ní sọ fún ọ pé ọṣẹ òun kì í hó. Ọ̀gá rẹ ní ọ́fíìsì ni kí o lọ bá. Wá ìgbà tí inú rẹ̀ dùn, kí o kúnlẹ̀ díẹ̀, kí o ní, "Mà, bí mo bá ṣe kọ́ọ̀sì yìí parí, ṣé ó máa yí ipò mi tàbí owó oṣù mi padà níbí?" Bó bá sọ bẹ́ẹ̀ ni, rọra béèrè iye tó lè jẹ́ àti ìgbà tó lè jẹ́. Bó bá ní "A ó máa wò ó," dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n má ṣe ka "a ó máa wò ó" mọ́ owó oṣù. Lẹ́yìn náà, wo àwọn ibi tí wọ́n ti ń wá òṣìṣẹ́. Ṣé sátífíkéètì ni wọ́n ń béèrè ni, tàbí iṣẹ́ tí èèyàn ti ṣe?

Èkejì: bá ẹni tó ti jáde sọ̀rọ̀, kì í ṣe ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé.

Mo ti bá ọ ṣe díẹ̀ nínú èyí. O rántí Bísọ́lá, ọmọbìnrin pupa tó máa ń ra ọ̀bọ̀kún yíyan lọ́wọ́ mi lọ́jà Ẹ̀pẹ́? Ó ń bá ilé iṣẹ́ kan tó ń ta ilẹ̀ kọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń ránṣẹ́ sí oníbàárà. Mo mọ̀ pé ó ṣe irú kọ́ọ̀sì yìí nígbà kan, torí kì í ráyè wá ra ẹja lọ́wọ́ mi ní Sátidé nígbà náà. Nígbà tó dé lọ́sẹ̀ yìí, mo fi ọwọ́ bo agbọ̀n ẹja. Mo ní n kò ní tà fún un àfi bó bá dá mi lóhùn.

Ó rẹ́rìn-ín. "Ìyá Nikẹ́, ṣé ẹ̀yin náà fẹ́ padà sílé-ìwé ni?"

Mo ní, "Ọmọ mi ni. Sọ òótọ́ fún mi. Ṣé owó tí o ná síbẹ̀ padà?"

Kò kánjú dáhùn, ìyẹn ni mo fi gbà á gbọ́. Ó ní, "Ó padà, mà, àmọ́ kò tètè padà. Kò tíì sí ẹni tó ní kí n mú sátífíkéètì yẹn jáde rí. Iṣẹ́ tí mo kọ nígbà tí mò ń kọ́ ọ ni wọ́n ní kí n mú wá wò."

Ó wá ṣàlàyé fún mi. Lọ́dún tó parí kọ́ọ̀sì náà, owó oṣù rẹ̀ kò kúrò níbi tó wà. Nígbà tó di ọdún kejì ló kó àwọn ohun tó ti kọ jọ, tó fi wá iṣẹ́ síbòmíràn, ibẹ̀ ni owó ti gbérí. Ó ní àwọn mìíràn nínú kíláàsì wọn kò kọ nǹkankan ju èyí tí olùkọ́ ní kí wọ́n kọ lọ. Wọ́n fi gíláàsì bo sátífíkéètì tiwọn, wọ́n gbé e kọ́ sára ògiri, ó sì wà níbẹ̀ dòní. Ó ní kí n sọ fún ọ pé kí o má yá owó san án, ohun yòówù tí wọ́n lè sọ. Mo fi ẹja kan ṣe ènì fún un. Ẹja ńlá ni.

Bísọ́lá náà ló rán mi létí ọ̀rọ̀ kẹta. Owó tí ilé-ẹ̀kọ́ pè kọ́ ni gbogbo owó. Owó ọkọ̀ láti Ìgbògbò wà níbẹ̀, dátà wà níbẹ̀, oúnjẹ ọ̀sán wà níbẹ̀. Èyí tó tóbi jù, o sọ fún mi pé bí o bá lọ síbi iṣẹ́ ní Sátidé, wọ́n máa ń fún ọ lówó lé e. Oṣù mẹ́fà ni o kò ní rí owó yẹn. Kà á mọ́ ọn. Bàbá rẹ máa ń sọ pé owó ẹ̀ka igi nìkan kọ́ ni àkájà ń jẹ, omi tí èèyàn kò lè da àwọ̀n sí mọ́ títí ẹja á fi dàgbà, òun náà wà lára owó rẹ̀. Torí náà, kó gbogbo rẹ̀ jọ, kí o fi wé ohun tí ọ̀gá rẹ bá sọ pé á lé lórí owó oṣù rẹ. Bí àlékún náà bá lè dá owó padà láàárín ọdún kan sí méjì, wọ inú ọkọ̀. Bí kò bá lè ṣe bẹ́ẹ̀, wá èyí tí kò wọ́n tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ ẹ̀dínwó.

O ṣì wà lẹ́yìn mi nígbà tí èmi àti bàbá rẹ gbin àkájà wa àkọ́kọ́. A gé ẹ̀ka igi, a gún wọn mọ́ ìsàlẹ̀ ọ̀sà títí wọ́n fi dà bí igbó kékeré nínú omi, a sì fi í sílẹ̀ kí ẹja wá fi ibẹ̀ ṣe ilé, kí wọ́n jẹ, kí wọ́n sanra, kí wọ́n bímọ. Sùúrù nìkan ló kù. Ṣùgbọ́n Bàbá Dúró tó múlé tì wá ṣí tirẹ̀, ọkọ̀ rẹ̀ kún dé ẹnu. Bàbá rẹ kò lè jẹun dáadáa mọ́. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà, ẹni tó ń ta àwọ̀n ní Ẹ̀pẹ́ sọ fún wa pé bí a bá san owó àwọ̀n tuntun kí oṣù tó parí, òun á dín in kù fún wa. Bó o ṣe ń gbọ́ ọ yẹn.

A ṣí i. A fi àwọ̀n yí i ká, a bẹ̀rẹ̀ sí í fa ẹ̀ka náà tu ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀pìyà tí kò ju ìka ọwọ́ mi lọ ló kún ibẹ̀. Ọ̀bọ̀kún tó tóó tà kò kún agbọ̀n kan. Ẹ̀ka tó ṣì yẹ kó wà nínú omi ti kán kúkúùkú. Bàbá Dúró ń wa ọkọ̀ kọjá, ó wo inú agbọ̀n wa, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ jálẹ̀kùn kí onílé tó kó dé." Láti ọjọ́ náà, Onílé-ò-tíì-dé ni gbogbo etí omi ń pe bàbá rẹ. Ó bínú títí, nígbà tó yá ó ń fi dá ara rẹ̀ lẹ́rìn-ín. A ra àwọ̀n náà pẹ̀lú ẹ̀dínwó. A kò wá ní àkájà tí a máa fi í yí ká.

Ẹ̀dínwó tó bá mú èèyàn ba ohun tó ń dàgbà jẹ́, ọmọ mi, ó ti wọ́n jù.

Èyí ló fà á tí n kò fi gbà pé ká ṣí àkájà báyìí. O mọ̀ pé òun ni iṣẹ́ tí bàbá rẹ ṣe kẹ́yìn kí àìsàn tó dá a dùbúlẹ̀. O sì mọ̀ pé ní etí omi tiwa, bí ẹni tó gbin àkájà bá kú, a kì í fọwọ́ kàn án títí ẹja á fi gbó, ọmọ rẹ̀ ló sì gbọ́dọ̀ fa ẹ̀ka àkọ́kọ́ tu. Akin, àbúrò bàbá rẹ, ti ń kánjú lọ́nà tirẹ̀. Ó fẹ́ ká ṣí i ká fi ṣe ìrántí ọdún kan, màlúù wà lọ́kàn rẹ̀. Mo sọ fún un pé n kò fẹ́ màlúù, pé mo fẹ́ kí ìrántí náà mọ níwọ̀n, kí ohun tó bá jáde lè ran ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ́wọ́.

Ó wò mí. "Ìyá Morẹ́nikẹ́, ṣé gúgúrú lẹ fẹ́ ká máa jẹ níbi ìrántí ẹ̀gbọ́n mi?"

Mo ní, "Ẹ jẹ ẹ́ dáadáa. Ẹ̀gbọ́n yín fẹ́ràn rẹ̀."

Ẹ̀rín gbé e, n kò sì mọ ìgbà tí ẹkún tẹ̀lé e. Àwa méjèèjì sunkún díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ní ká jọ lọ wo àkájà náà. Nígbà tí a súnmọ́ ọn, ó pa ẹ́ńjìnnì, a jókòó jẹ́ẹ́ sínú ọkọ̀. Nikẹ́, mo gbọ́ wọn. Bí wọ́n ṣe ń ta pútú lábẹ́ àwọn ẹ̀ka yẹn, àfi bí ẹni pé ilé ń kún. Akin na ọwọ́ sínú omi, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi mọ ibi tí ẹja ń sùn." Ṣùgbọ́n ó fẹnu ara rẹ̀ sọ pé wọn kò tíì gbó, ká jẹ́ kí omi òjò lọ, kí ọ̀sà mọ́. Ó ti gbà báyìí pé a máa kọ́kọ́ yọ owó ẹ̀ka tuntun nínú rẹ̀, torí àkájà tí a kò bá tún gbìn ti di ìtàn. Lẹ́yìn náà ni ìrántí kékeré, lẹ́yìn náà ni ìwọ.

Nítorí náà, jẹ́ kí ẹ̀dínwó oṣù yìí máa lọ. Bi wọ́n léèrè ìgbà tí kíláàsì mìíràn máa bẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n bá ní kò sí mìíràn mọ́, a jẹ́ pé kì í ṣe ilé-ẹ̀kọ́, ọjà àṣekágbá ni. Béèrè pẹ̀lú bóyá wọ́n máa ń gba owó díẹ̀díẹ̀. Láàárín ìgbà yìí, má jókòó lásán. Gba ìkéde tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ara ògiri ọ́fíìsì yín, kí o tún un kọ kó lè yé àwọn tó ń ṣiṣẹ́ nídìí ẹ̀rọ ní ilé iṣẹ́ yín, kí o fi han ọ̀gá rẹ. Kọ ọ̀rọ̀ tí mo lè máa fi ránṣẹ́ sí àwọn tó ń ra ẹja lọ́wọ́ mi. Kó gbogbo rẹ̀ pamọ́. Nígbà tí o bá máa wọ kíláàsì, o kò ní wọ ibẹ̀ lọ́wọ́ òfo, wàá sì ti mọ̀ bóyá iṣẹ́ náà bá ọ lára mu lóòótọ́.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan tí kò jẹ mọ́ owó. Lẹ́nu iṣẹ́ yìí, wọ́n á fẹ́ kí o máa fi ọ̀rọ̀ dídùn bo ohun tí kò dùn. Má ṣe gbà. Súfèé bàbá rẹ wọ ọkàn gbogbo wa ní ṣọ́ọ̀ṣì nítorí pé òótọ́ ni. Bí o bá kọ irọ́ lẹ́ẹ̀kan, ẹni tó bá kà á á rántí rẹ fún un. Bí o bá rẹ̀ ẹ́, sinmi. Máa jẹun. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọ̀rọ̀ ọkọ dà ọ́ láàmú, ìgbà tìrẹ ń bọ̀.

Bí omi bá ti mọ́, Akin á pè ọ́. Tọrọ àyè níbi iṣẹ́, kí o wá. Àwọn ẹ̀ka tó wà níbẹ̀ pọ̀, o lè má mọ èyí tó yẹ kí o kọ́kọ́ fà, torí náà jẹ́ kí n sọ fún ọ. Lọ́jọ́ tí bàbá rẹ gún èyí tó kẹ́yìn, ó so aṣọ kan mọ́ ọn lórí. Mo bi í pé kí ló ń ṣe. Ó ní, "Eléyìí ti Nikẹ́ ni." Nígbà tí èmi àti Akin débẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí, aṣọ náà ṣì wà níbẹ̀, oòrùn ti jẹ ẹ́ díẹ̀, ó ń fẹ́ lẹ́lẹ́. Búlúù ni. Ojú rírán mi ni, mo mọ̀ ọ́n.

N kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Ó ń dúró dè ọ́.

Èmi ni ìyá rẹ tó ń fi orúkọ rẹ gbàdúrà kí ilẹ̀ tó mọ́,
Ìyá Morẹ́nikẹ́.